Òdòdó tí kòkòrò kankan kò bà: ṣé ó yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ń ṣe ìwádìí àkọ́kọ́ mi lórí òdòdó orí òkè àti àwọn kòkòrò tó ń bà lé wọn. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ga tó 2,800 mítà. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ń jókòó ti àwọn òdòdó náà, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà n kì í rí kòkòrò kankan. Ọjọ́ méjì tiẹ̀ wà tí n kò kọ nǹkan kan sínú ìwé mi, torí kò sí ohun tí mo rí. Bí wọ́n bá sì wá, eṣinṣin ló máa ń pọ̀ jù. Ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ kòkòrò tó ń mú kí òdòdó so ní tòótọ́? Ṣé oṣù mẹ́ta tí mo ní sì tó láti sọ ohunkóhun nípa ìyípadà ojú ọjọ́?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, iṣẹ́ rẹ kò bàjẹ́. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ọjọ́ méjì tí o kò kọ nǹkan kan yẹn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ká ní o jókòó ti òdòdó lẹ́ẹ̀mejìlá. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo rí kòkòrò, márùn-ún lápapọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tó kù, kò sí ohun tó wá. Bí o bá kọ gbogbo rẹ̀, ìwé rẹ yóò fi hàn pé kòkòrò tó ń bà lé òdòdó náà kò pé méjì ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ìjókòó mẹ́ta tó mú nǹkan wá nìkan lo kọ, ìwé kan náà yóò sọ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje ní wákàtí kan. Òdòdó kan náà, òkè kan náà, ìyàtọ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ìṣirò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe lẹ́yìn náà tó máa tún un ṣe, torí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé o jókòó.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí èmi náà gun òkè fún irú iṣẹ́ yìí, mo ka ọjọ́ tí kòkòrò kò wá sí ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí. Ibi méjì ni mo ń ṣọ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè réré. Nígbà tí mo délé tí mo kó iye jọ, ohun tí ìwé mi sọ ni pé bí kòkòrò ṣe ń bà lé òdòdó ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bà lé ti òkè. Mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí èmi ni mo jókòó nínú òtútù yẹn tí nǹkan kan kò fò kọjá níwájú mi. Ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí. Iṣẹ́ odidi oṣù kan ni mo dà nù. N kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Òdo tí o bá fojú ara rẹ rí, iye ni, ó wúwo bíi márùn-ún, ó wúwo bíi mẹ́wàá.

Wàyí o, kí ló dé tí wọn kì í fi í wá? Òtútù ló ṣáájú. Bí a bá ń gun òkè, ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́ máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 6.5 lórí ìwọ̀n Celsius fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ìsàlẹ̀ bá wà ní 25, ẹni tó bá gun 2,000 mítà sókè yóò bá nǹkan bíi 12 níbẹ̀. Oyin tí àwọn èèyàn ń sìn fún oyin jíjẹ kì í sábà jáde wá oúnjẹ tí ìwọ̀n ooru kò bá tó bíi 10, nítorí náà ìkùukùu tó kàn bo oòrùn fún ìgbà díẹ̀ lè dá gbogbo wọn padà sílé. Bumblebee yàtọ̀, ìyẹn oyin ńlá onírun tó máa ń kùn bí ẹ̀rọ. Òun lè máa gbọn iṣan àyà rẹ̀ láì ju ìyẹ́ rárá, títí àyà náà yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 30 kó tó gbéra, irun ara rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ooru náà tètè sá lọ. Ìdí nìyẹn tí o fi lè rí òun nìkan ní àárọ̀ tútù tí àwọn oyin kéékèèké ṣì fara pamọ́.

Má sì fojú kéré eṣinṣin tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ. Lórí ọ̀pọ̀ òkè ńlá, bí a ṣe ń gòkè sí i ni oyin ń dín, tí eṣinṣin sì ń gba iṣẹ́ wọn ṣe, ìyẹn gbígbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan dé òmíràn kí òdòdó lè so. Púpọ̀ nínú òdòdó òkè tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, tí omi dídùn rẹ̀ wà ní gbangba, eṣinṣin ni oníbàárà rẹ̀ pàtàkì. Òdòdó mìíràn tiẹ̀ ń fi ooru tọrẹ fún wọn. Dryas octopetala, tó máa ń hù lórí òkè àti ní ilẹ̀ tútù ìhà àríwá ayé, máa ń yí ojú òdòdó rẹ̀ tẹ̀ lé oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Inú òdòdó náà máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká lọ, àwọn eṣinṣin á sì wá jókòó síbẹ̀ láti yá oòrùn. Bí wọ́n ṣe ń yá oòrùn, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ "eṣinṣin" gbuurugbu, kó wá pín oyin sí ẹ̀yà mẹ́wàá. Yà wọ́n sọ́tọ̀ bó o bá ti lè ṣe é tó. Kí o sì ṣọ́ra fún àwọn tó ní ìlà dúdú àti ìlà yẹ́lò, tó máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́: wọ́n jọ oyin, eṣinṣin ni wọ́n. Ìyẹ́ mẹ́rin ni oyin ní, méjì péré ni ti eṣinṣin. Ojú eṣinṣin tóbi, ìwo orí rẹ̀ kúrú bínńtín.

Nítorí náà, lára ohun tó gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni aago tí o bẹ̀rẹ̀ àti aago tí o parí, iye òdòdó tó là níwájú rẹ, bí ìkùukùu ṣe pọ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, àti ìwọ̀n ooru. Bá mi wọn ooru náà ní ibi gíga òdòdó gan-an. Ewéko òkè máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ooru wà. Bí oòrùn bá ràn, ilẹ̀ lè gbóná gan-an nígbà tí òtútù ṣì ń mú ìwọ tó dúró lókè rẹ̀. Ẹ̀rọ tí o bá gbé kọ́ ọrùn kò ní sọ ohun tí kòkòrò ń rí fún ọ. Iye òdòdó tó là náà ṣe kókó, torí kòkòrò mẹ́rin lórí òdòdó méjì yàtọ̀ pátápátá sí mẹ́rin lórí ogójì.

Ìwọ náà lè wà lára ohun tó ń lé wọn. Má jẹ́ kí òjìji rẹ bọ́ sórí òdòdó. Sún sẹ́yìn díẹ̀, jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago. Má sì jókòó ní aago kan náà lójoojúmọ́. Bí o bá rí òdòdó funfun tó ń ta sánsán nírọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àfòpiná ló ń retí, o sì lè fi gbogbo ọ̀sán ṣọ́ ọ kí o má rí olólùfẹ́ rẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè rẹ kejì, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Kòkòrò tó bà lé òdòdó kò fi dandan jẹ́ ẹni tó ń bá òdòdó ṣiṣẹ́. Àlejò ni. Àlejò lè wá jẹun kó máà fi nǹkan kan sílẹ̀, òmíràn tiẹ̀ lè jalè. Ní àyíká Gothic, ní òkè Rocky Mountains ní ìpínlẹ̀ Colorado, òdòdó pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní Ipomopsis aggregata, tó gùn bíi fèrè, tí ẹyẹ hummingbird máa ń ki ẹnu gígùn bọ̀. Bumblebee kan wà níbẹ̀, Bombus occidentalis, tí ahọ́n rẹ̀ kò gùn tó láti dé ìdí fèrè náà. Ńṣe ló máa ń gé ihò sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó, tí á fa omi dídùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láì fara kan akọ òdòdó tó ń mú lẹ́búlẹ́bú jáde tàbí abo rẹ̀ tó ń gbà á. Rebecca Irwin àti Alison Brody ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé níbi tí olè yìí bá ti pọ̀, hummingbird kì í fẹ́ wá mọ́, hóró tí ewéko náà ń so sì ń dín. Ẹni tó bá kàn ń ka àlejò lásán yóò kọ bumblebee yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ òdòdó.

Àpò ni a fi ń mọ òótọ́. Wá òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rudi, tí kò tíì là, kí o pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Fi àwọn kan sílẹ̀ gbayawu kí ẹni tó bá fẹ́ bà á bà á. Fi àpò àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré bo àwọn kan, má sì tún fọwọ́ kàn wọ́n. Bo ìdá kẹta náà, ṣùgbọ́n bó bá là, ṣí i, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré mú lẹ́búlẹ́bú láti ara ewéko mìíràn irú rẹ̀, kàn án mọ́ orí abo òdòdó, kí o tún un bò. Ìdá kẹrin ni kí o fi sílẹ̀ gbayawu, kí o sì tún fi búrọ́ọ̀ṣì fún un ní lẹ́búlẹ́bú kún èyí tí kòkòrò bá gbé wá. So nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o dúró de hóró.

Bí àwọn tí o bò tí o kò fọwọ́ kàn bá so hóró tó àwọn tó wà ní gbayawu, òdòdó náà lè dá ara rẹ̀ ṣe, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò kòkòrò. Bí wọn kò bá so rárá, wàá fẹ́ mọ̀ bóyá àpò ló pa wọ́n, ìdá kẹta ló máa dáhùn ìyẹn: bí òun bá so dáadáa nínú àpò, ẹ̀bi kì í ṣe ti àpò. Bí ìdá kẹrin bá so ju ti gbayawu lásán lọ, a jẹ́ pé kòkòrò tó ń wá kò gbé lẹ́búlẹ́bú tó. Ìbéèrè gan-an tó wà nídìí àníyàn rẹ nípa àwọn òfìfo nìyẹn! Ìjókòó òfìfo mẹ́sàn-án lè máà pa òdòdó lára rárá bí àlejò kan ṣoṣo bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Àkíyèsí kan rèé tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: bó bá ṣeé ṣe, fún gbogbo òdòdó tó wà lára ewéko kan ní lẹ́búlẹ́bú, má fún ẹyọ kan. Ewéko máa ń kó oúnjẹ láti ara òdòdó kan lọ sí òmíràn, ẹyọ òdòdó tí o fún lè so jìngbìnnì nítorí pé ó gba ìpín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti mọ àlejò tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, gbé òdòdó tó là nínú àpò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bà, ṣí i, kí o dúró. Kòkòrò kan bà lé e, ó fò lọ, o bò ó padà kíá. Lẹ́yìn náà o gé orí abo rẹ̀, o tẹ̀ ẹ́ sínú jẹ́lì tí wọ́n fi àwọ̀ fuchsin pò, o sì ka lẹ́búlẹ́bú tó wà lórí rẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù. Ka ti àwọn òdòdó tí o ṣí tí kòkòrò kò bà náà, kí o lè mọ èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò ni, ẹ̀yìn á dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà àbùjá tí mo mọ̀ tó sọ òótọ́ tó èyí.

Oṣù mẹ́ta rẹ ńkọ́? Kò tó láti sọ pé ojú ọjọ́ ń yí nǹkan padà lórí òkè rẹ. Wo Gothic tí mo dárúkọ yẹn. Ìlú àwọn awakùsà tó ti di ahoro ni, ó ga tó nǹkan bíi 2,900 mítà, ibẹ̀ sì ni ilé ìwádìí Rocky Mountain Biological Laboratory ti wà láti 1928. David Inouye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pààlà ilẹ̀ kéékèèké síbẹ̀, mítà méjì sí mítà méjì, wọ́n sì ń ka gbogbo òdòdó inú rẹ̀ ní bíi ọjọ́ méjì-méjì, àsìkò dé àsìkò. Nígbà tí òun, Paul CaraDonna àti Amy Iler tẹ àbájáde ọdún 39 jáde ní 2014, òdòdó tí wọ́n ti kà ti lé ní mílíọ̀nù méjì, ẹ̀yà ewéko 60. Ohun tí wọ́n rí ni pé àsìkò òdòdó ti fi ọjọ́ 35 gùn sí i. Ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Barr ń dá gbé, ó ń wọn jíjìn òjò dídì lójoojúmọ́ láti àwọn ọdún 1970, torí pé ó wù ú láti mọ̀ ọ́n. Ìwé rẹ̀ di ohun iyebíye fún gbogbo wọn.

Àkókò gígùn bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ní oṣù mẹ́ta. Èèyàn á rò pé bí òjò dídì bá tètè yọ́, ó dára fún òdòdó. Helianthella quinquenervis, òdòdó yẹ́lò ńlá ibẹ̀, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò dídì bá tètè yọ́, ó máa ń tètè rudi, ṣùgbọ́n ìrì dídì ìparí àsìkò òtútù, ìyẹn ìrì tó ń dì sára ewéko lóru, kò tíì lọ, òun ló sì ń pa ìrudi náà. Láti 1992 sí 1998, ìpíndọ́gba ìrudi tí ìrì dídì pa jẹ́ nǹkan bíi 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 1999 sí 2006, ó di nǹkan bíi 74. Ká ní ọdún kan péré ni wọ́n lò, wọn ì bá pè é ní àjálù, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ìwọ lè ṣe nínú oṣù mẹ́ta ni pé kí o fi gíga wé gíga. Ṣọ́ òdòdó kan náà nísàlẹ̀, láàárín àti lókè, torí ìsàlẹ̀ tó gbóná lè fún wa ní òye bí òkè yóò ṣe rí lọ́la. Òye ni mo pè é o, torí ilẹ̀ àti ìdagẹ̀rẹ̀ wọn kì í rí bákan náà. Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ lójú mi ni pé kí o fi ibi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó máa wá lẹ́yìn ogún ọdún yóò fi dé orí ibẹ̀ gan-an.

Àwọn onímọ̀ ìṣẹ̀dá méjì, Alexander von Humboldt àti Aimé Bonpland, gun òkè Chimborazo ní Ecuador ní 1802. Àwòrán òkè náà tí Humboldt tẹ̀ jáde ní 1807, pẹ̀lú orúkọ ewéko ní gíga tí kálukú ń hù, di ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ tiwa yìí. Àwọn olùwádìí padà lọ sí Chimborazo, wọ́n sì kéde ní 2015 pé ewéko ibẹ̀ ti gòkè ju 500 mítà lọ láti ìgbà náà. Ní 2019, àwọn mìíràn tú ìwé Humboldt wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ewéko ibi gíga inú àwòrán yẹn, orí òkè mìíràn tó ń jẹ́ Antisana ni wọ́n ti kó wọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò lórí Antisana, ewéko gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tó lọ, nítorí ibi tí a ti já ewé kan!

Fi èyí wé iṣẹ́ tó jáde ní 2018 lórí ṣóńṣó òkè 302 ní Yúróòpù. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé ka iwájú wọn padà sẹ́yìn tó ọdún 145, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà ewéko ti pọ̀ sí i lórí 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ṣóńṣó náà. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ torí pé àwọn àgbà onímọ̀ ewéko ìgbà yẹn kọ ṣóńṣó tí wọ́n dúró lé. Nítorí náà, kọ nọ́ńbà GPS rẹ, kọ gíga, kan ìṣó irin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àwọn tó ni ilẹ̀ bá gbà fún ọ, kí o sì ya fọ́tò láti ìhà mẹ́rin. Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ọ́. Bírò máa ń ṣàn bí òjò bá kàn án.

O kò béèrè nípa pípa kòkòrò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wàá ṣe é láti mọ orúkọ wọn. Pa ìwọ̀nba. Ayaba bumblebee tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, òun nìkan ló la òtútù já, àwọn ọmọ tó máa kún ilé kò tíì sí níta. Bí o bá mú un, o ti mú gbogbo wọn. Ya á ní fọ́tò, kí o jẹ́ kó lọ. Abọ́ aláwọ̀ yẹ́lò, funfun àti búlúù tí wọ́n ń bu omi ọṣẹ sí rọrùn, ṣùgbọ́n oyin kéékèèké ló ń mú jù, bumblebee kì í fi bẹ́ẹ̀ kó sí i, kò sì sọ òdòdó tí kòkòrò náà ń lọ fún wa. Bí ààrá bá sì ń kù lẹ́yìn ọ̀sán, kó ìwé rẹ kí o sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Kò sí òdòdó tó tó ẹ̀mí rẹ.

Ó ku ọjọ́ méjì yẹn. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ nípa òdo, ọwọ́ rẹ á ti máa yún ọ láti padà sí ojú ìwé náà, kí o kọ òdo sí wọn. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Òdo túmọ̀ sí pé o jókòó fún ìṣẹ́jú 15 tí aago rẹ kà, lórí òdòdó tí o mọ iye rẹ̀, nínú ooru tí o wọ̀n. O kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí fún ọjọ́ méjì náà, ohun tí o rántí sì lè yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ déètì wọn, kí o kọ "n kò ṣe àkọsílẹ̀" sí iwájú rẹ̀, kí o sì fi àyè iye sílẹ̀ lófìfo. Lọ́la, gun òkè kí oòrùn tó yọ, kí o kọ aago tí o jókòó sílẹ̀ kí o tó wojú òdòdó rárá.